Ìbalẹ̀

Kì í ṣe ìjì.
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n purọ́ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù Remigio
pé atẹ́gùn ló ti bàálù náà lulẹ̀.
Mo wà níbẹ̀, èmi Nibaldo,
mẹkáníìkì kan ṣoṣo ní erékùṣù Ancahuel,
nísàlẹ̀ Chile lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti ń já sínú òkun.
Atẹ́gùn sùn lọ́jọ́ náà bí ajá tó yó.
Òjò àárọ̀ nìkan ló ṣì wà lórí ọ̀nà bàálù,
ó ń dán, bí ẹni pé wọ́n fi dígí tẹ́ ilẹ̀.

Eliecer Cárcamo ló ń bọ̀,
ẹni tó ti ń fò láàárín àwọn erékùṣù wa
láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.
Ẹ́ńjìnnì méjì. Èrò mẹ́rin:
Otilia agbẹ̀bí,
ọ̀dọ́kùnrin méjì láti ọgbà ẹja,
ọmọbìnrin kan tí eyín ń ro, tó fi sikáàfù di ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Àpò pòtétò mẹ́ta lẹ́yìn wọn.
Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì méjèèjì tí wọ́n ń kùn ní ohùn kan,
mo gbé omi maté kaná.
Omi ò tíì hó.

Ó gbé imú ọkọ̀ sókè.
Ó tètè gbé e.
Omi tó ń dán ti tan ojú rẹ̀ jẹ:
ó rò pé ilẹ̀ ti dé, ilẹ̀ ò tíì dé.
Bàálù dúró lókè díẹ̀, kò ga ju òrùlé ilé mi lọ,
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Lẹ́yìn náà, ó já.

Gbìì!
Bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó
tí wọ́n ti yọ àga kúrò lẹ́yìn rẹ̀.
Ẹsẹ̀ òsì gun ìyẹ́ apá láti abẹ́, ó yọrí lókè.
Abẹ̀bẹ̀ gbá ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ ká bí ìwo àgbò.
Òórùn epo. Pòtétò ń yí lọ níwájú
bí ọmọ iléèwé tí aago ìsinmi dún fún.

Ẹnikẹ́ni ò kú.
Otilia ló kọ́kọ́ jáde, ó ń kà wọ́n
bó ṣe máa ń ka ìka ìkókó:
“Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Èmi ni ìkarùn-ún.”
Ọmọbìnrin náà tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.
“Eyín náà ti bọ́,” ló wí.

Bàálù balẹ̀.
Ara balẹ̀, nígbà tó yá.
Ọkàn nìkan ni kò rí ilẹ̀ bà.

Àwọn olùwádìí wá láti Santiago,
wọ́n fi okùn wọn ọ̀nà, wọ́n ya fọ́tò,
wọ́n kọ ìlà kan: awakọ̀ tètè gbé imú ọkọ̀.
Òtítọ́ ni.
Wọn ò bi mí léèrè ẹsẹ̀ òsì.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ni mo rí i pé ó rì,
ìka méjì ló fi kúrú sí ti ọ̀tún.
Epo inú rẹ̀ ń jo. Mo fi àkísà nù ún.
Mo ní: ó di ọ̀la.
Ọ̀la di ọjọ́ Ajé.
Bóyá ì bá fọ́ bẹ́ẹ̀ náà.
Ohun tó bá já láti gíga òrùlé,
ta ni yóò bi í bóyá epo ẹsẹ̀ rẹ̀ pé?
Bóyá.
Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń fi bóyá sùn.

Eliecer ò fò mọ́.
Ó máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Ìsinmi.
Tó bá mu maté rẹ̀ tán,
á sọ ife náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára tábìlì,
títí igi á fi kan igi láìdún.
Èmi á la ẹnu.
Ọ̀rọ̀ mi á máa rábàbà lókè orí àwa méjèèjì,
epo rẹ̀ ń tán lọ.